Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Àyè Lẹ́nu Iṣẹ́ Láti Tọ́jú Ẹbí Yín Ní Ìlú Ọba

Orí yìí wà fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oṣù ní England, Wales tàbí Scotland, tí ìyá, bàbá, ọmọ, ọkọ tàbí aya rẹ̀ ń fẹ́ ìtọ́jú, tí kò sì mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́ níbi iṣẹ́ kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ òun. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń tọrọ ohun tí òfin ti fi lé wa lọ́wọ́. A ó pe mánéjà, a ó kúnlẹ̀ lórí fóònù, a ó ní kó ṣàánú wa. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ ní bẹ̀bẹ̀: á pè pé ara òun ò yá, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ni ara rẹ̀ ò yá. Èyí kejì yìí ló burú jù, nítorí irọ́ ni, ilé iṣẹ́ sì lè torí irọ́ lé èèyàn lọ. Oríṣi àyè kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ nínú òfin. Ẹni tó bá fi orúkọ tó yẹ béèrè, lásìkò tó yẹ, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀, kò ní láti bẹ ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó wà ní Northern Ireland ní òfin iṣẹ́ tiwọn. Labour Relations Agency ni kí wọ́n lọ bi.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

Ẹ kó nǹkan wọ̀nyí sójú kan nílé kí ọ̀rọ̀ tó di pàjáwìrì.

– Ìwé àdéhùn iṣẹ́ yín, àti ìwé ìlànà ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní staff handbook. Ohun tí òfin sọ ló kéré jù tí wọ́n lè ṣe fún yín. Ilé iṣẹ́ míì ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n tilẹ̀ ń sanwó fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ carer's leave, compassionate leave tàbí special leave.

– Ìwé owó oṣù yín, méjì tàbí mẹ́ta tó kẹ́yìn.

– Rota ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ń bọ̀.

– Lẹ́tà ọsibítù tàbí ti ilé ìwé, nítorí ọjọ́ àti aago tó wà nínú rẹ̀.

– Ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan, fún kìkì ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ wo lẹ pè? Aago mélòó? Ta ló gbé fóònù? Kí ló sọ?

– Nọ́ńbà fóònù mánéjà, ti ẹni tó ń dá ilé iṣẹ́ lóhùn lóru, ti ilé ìwé ọmọ, ti dókítà ẹbí, àti ti èèyàn méjì tó lè lọ mú ọmọ bí ọwọ́ yín bá dí. Ẹnì kan ṣoṣo kò tó, nítorí òun náà lè wà lẹ́nu iṣẹ́.

– Nọ́ńbà Acas, àjọ tó ń gba òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́: 0300 123 1100.

– Bó bá jẹ́ físà iṣẹ́ lẹ fi wà níbí, ẹ̀dà Certificate of Sponsorship yín. Ìkìlọ̀ fún ẹni tó wà lórí físà iṣẹ́ ń bọ̀ níwájú.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ irú òṣìṣẹ́ tí ẹ jẹ́

Ẹni tí òfin ń pè ní employee ló ni àwọn àyè tí mo fẹ́ ṣàlàyé. Ẹni tí wọ́n pè ní worker kò ní wọn, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ náà kò ní wọn. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tó wà nídìí iṣẹ́ ìtọ́jú gan-an, nítorí púpọ̀ nínú wa ló ń gba shift lọ́wọ́ agency tàbí lórí bank.

Ẹ ka ìwé àdéhùn yín, ṣùgbọ́n ẹ má fi orúkọ tó wà lókè rẹ̀ nìkan pinnu. Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ gan-an nilé ẹjọ́ máa ń wò: ṣé dandan ni kí wọ́n fún yín níṣẹ́, ṣé dandan ni kí ẹ gbà á, ṣé ẹ lè rán ẹlòmíràn dípò ara yín? Zero-hours nìkan kò sọ pé ẹ kì í ṣe employee. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ pe Acas kí ẹ tó kọ lẹ́tà kankan. Bí ẹ bá sì jẹ́ worker, ẹ ṣì lè sọ pé ẹ ò ní gba shift ọjọ́ náà, ẹ sì ní ìsinmi ọdọọdún tó lówó nínú.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mú àyè tó bá ọ̀rọ̀ yín mu

Ìbéèrè kan péré lẹ máa kọ́kọ́ bi ara yín: ṣé mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé nǹkan yìí ń bọ̀, àbí ó ká mi mọ́ ibi tí mi ò rò?

Bó bá ká yín mọ́ ibi tí ẹ ò rò, àyè pàjáwìrì ni, tí òyìnbó ń pè ní time off for dependants. Ó wà nínú Employment Rights Act 1996, abala 57A. Láti ọjọ́ tí ẹ bá ti wọṣẹ́ lẹ ti ní in. Ẹ lè gbà á nígbà tí ẹni yín bá ṣàìsàn lójijì, tó fara pa, tí wọ́n lù ú, tó ń rọbí, tó kú, tí ẹni tó ń bá yín tọ́jú rẹ̀ kò wá, tàbí tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yín nílé ìwé. Òfin kò ka ọjọ́ fún un. Ó ní kó jẹ́ èyí tó mọ níwọ̀n. Kò sì ní kí wọ́n sanwó.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà nìyí: ètò ni wọ́n fi àyè pàjáwìrì ṣe. Ẹ máa fi sáré lọ síbi tí wàhálà wà, ẹ máa fi wá ẹni tó máa dúró ti aláìsàn, lẹ́yìn náà kí ẹ padà. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti àwọn òṣìṣẹ́ ṣàlàyé èyí lọ́dún 2003, nínú ẹjọ́ ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn léraléra: àyè yìí kò sí fún kí òbí jókòó ti ọmọ títí ara rẹ̀ á fi yá. Bí ara ọmọ bá ń gbóná, ọjọ́ kan tàbí méjì kò lè di ìjà. Bó bá máa wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fi ìsinmi ọdọọdún tàbí àyè òbí kún un.

Wọ́n lè sọ fún yín pé ohun tí ẹ ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì kì í ṣe pàjáwìrì mọ́. Ẹ má tètè gbà. Lọ́dún 2008, ilé ẹjọ́ kan náà gbọ́ ẹjọ́ ìyá kan tí olùtọ́jú ọmọ rẹ̀ sọ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú pé òun ò ní wà. Ó wá ẹlòmíràn títí, kò rí. Ó gba ọjọ́ kan, ọ̀gá sì fún un ní ìkìlọ̀. Obìnrin náà ló jàre. Ohun tó gbà á sílẹ̀ ni pé ó wá ẹlòmíràn, ó sì sọ fún ọ̀gá lásìkò. Nítorí náà, bí ẹ bá ń wá ẹni tó máa gba ọmọ dúró, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ẹ pè sínú ìwé yẹn.

Bó bá jẹ́ ohun tí ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀, bí ọjọ́ dókítà, ọjọ́ tí bàbá máa jáde lọ́sibítù, ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ wo ilé ìtọ́jú arúgbó tí ẹ fẹ́ fi ìyá sí, àyè olùtọ́jú ni, tí ìwé òfin ń pè ní carer's leave. Tuntun ni. Wendy Chamberlain, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin láti Scotland, ló gbé àbá rẹ̀ wá. Ó di Carer's Leave Act 2023, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2024. Láti ọjọ́ kìíní iṣẹ́ ni ẹ ti ní in: ọ̀sẹ̀ kan láàárín oṣù méjìlá, láìsanwó. Ẹni tí ẹ ń tọ́jú gbọ́dọ̀ ní àìsàn tàbí ìpalára tó máa gba ìtọ́jú ju oṣù mẹ́ta lọ, tàbí kó jẹ́ abirùn ní ọ̀nà tí Equality Act 2010 là sílẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé ọjọ́ ogbó ló mú kó fẹ́ ìtọ́jú. Ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde wọ inú rẹ̀. Ìyá tó ti ń gbàgbé ojú ọ̀nà ilé wọ inú rẹ̀. Ọmọ tó ní ọ̀fìnkìn kò wọ inú rẹ̀.

Iye ọjọ́ tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ yín. Ẹni tó ń ṣe alẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ní ilé ìtọ́jú arúgbó, alẹ́ mẹ́ta ni tirẹ̀. Ẹ lè pín in: ààbọ̀ ọjọ́ lónìí, ọjọ́ kan lóṣù tó ń bọ̀. Bí ẹ bá tilẹ̀ ń tọ́jú èèyàn mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo náà ni.

Àyè òbí, tí wọ́n ń pè ní unpaid parental leave, jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjìdínlógún lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan kó tó pé ọdún méjìdínlógún, ṣùgbọ́n ẹ kò lè lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ́dún lórí ọmọ kan. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gbà á, àyàfi bí ọmọ bá jẹ́ abirùn, nígbà náà ẹ lè gbà á ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ṣáájú ni kí ẹ ti sọ. Tẹ́lẹ̀, ó di ìgbà tí èèyàn bá ṣiṣẹ́ ọdún kan. Láti oṣù kẹrin ọdún 2026, wọ́n ti mú ìyẹn kúrò.

Bó bá sì jẹ́ pé ìtọ́jú náà ò ní tán lọ́la, ẹ má máa fi ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lé e. Iṣẹ́ gan-an ni kí ẹ ní kí wọ́n yí padà: kí ẹ kúrò lóru sí ọ̀sán, kí wákàtí dín, kí ẹ máa ti ilé ṣe apá kan. Flexible working request ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kọ ọjọ́, ẹ sọ pé lábẹ́ òfin lẹ ń béèrè, ẹ sọ ìyípadà tí ẹ fẹ́ àti ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀, ẹ sì sọ bóyá ẹ ti béèrè rí àti ìgbà wo. Ẹ lè béèrè lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù méjìlá. Oṣù méjì ni wọ́n ní láti dáhùn, wọn kò sì gbọ́dọ̀ kọ̀ láìpè yín jókòó sọ̀rọ̀. Ní tèmi, ẹni tó ń tọ́jú arúgbó nílé yẹ kó gbìyànjú èyí ṣáájú gbogbo rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún kò lè gbé ìtọ́jú ojoojúmọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wo ẹni tí òfin mọ̀ sí ẹni yín

Ọkọ, aya, ọmọ, òbí, àti ẹni tí ẹ jọ ń gbé ilé kan náà. Ayálégbé yín kò sí nínú rẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni ẹni tó gbára lé yín fún ìtọ́jú tàbí fún ètò ìtọ́jú. Ẹni ìkẹyìn yìí ni ààbò tiwa, nítorí ẹbí wa kì í mọ sí ọkọ, aya àti ọmọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá tó rán yín níwèé, tó wá dàgbà tí kò lẹ́lòmíràn, lè wọ ibẹ̀. Bàbá ọkọ lè wọ ibẹ̀.

Ẹ sọ òótọ́ nípa bí ẹ ṣe jẹ́ sí ara yín. Bó bá jẹ́ àbúrò ìyá yín ló tọ́ yín, ẹ má kọ "ìyá mi" sínú lẹ́tà. Ẹ kọ ọ́ pé òun ló tọ́ yín dàgbà, pé ẹ̀yin ló sì ń ṣètò ìtọ́jú rẹ̀. Òtítọ́ yẹn tó. Bí ẹ bá kọ ìyá, tí ẹ tún wá béèrè àyè nítorí ìyá tó bí yín lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n á ní opurọ́ ni yín, kò sì sí àlàyé tó máa tán an.

Àkíyèsí ńlá kan wà níbí. Tó bá jẹ́ ikú, àyè pàjáwìrì kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kàn gbára lé yín. Ó mọ sí ọkọ, aya, ọmọ, òbí àti ará ilé. Bí ìyá àgbà bá kú ní Ìjẹ̀bú, tí kò sì bá yín gbélé, ìwé ìlànà ilé iṣẹ́ àti ojú àánú mánéjà lẹ máa wò, tàbí ìsinmi ọdọọdún yín.

Òbí tó wà nílé, àti ìsìnkú

Òfin àyè olùtọ́jú kò sọ pé Ìlú Ọba ni ẹni tí ẹ ń tọ́jú gbọ́dọ̀ wà. Ó sì sọ pé ṣíṣètò ìtọ́jú wà lára ìtọ́jú. Bí ìyá bá ṣubú n'Íbàdàn, tí egungun ìtàn rẹ̀ ṣẹ́, tí ẹ fẹ́ lọ gba ẹni tó máa máa wẹ̀ ẹ́, kí ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀, kí ẹ sì tún ilé ìwẹ̀ ṣe kó má baà tún ṣubú, ìtọ́jú ni gbogbo rẹ̀. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan yẹn pọ̀ mọ́ ìsinmi ọdọọdún, kí ìrìn àjò lè tó. Ẹ̀tọ́ ìsinmi ọdọọdún jẹ́ ọ̀sẹ̀ 5.6, ìyẹn ọjọ́ 28 fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì kí èsì tó wọlé, nítorí wọ́n lè sún ọjọ́ síwájú.

Bó bá jẹ́ ìsìnkú òbí, àyè pàjáwìrì gba kí ẹ ṣètò rẹ̀ kí ẹ sì lọ síbẹ̀. Kò gba ọ̀fọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ti sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2004. Ó dùn mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ̀. Àwa náà mọ bí ìsìnkú ṣe ń rí lọ́dọ̀ wa: ẹbí á jókòó, wọ́n á mú ọjọ́ tó jìnnà, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má sọ fún mánéjà pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni lójú ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ gbọ́, ẹ pè, ẹ sọ pé òbí yín kú, ẹ gba ọjọ́ tí ẹ máa fi bá ẹbí sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọjọ́ ìsìnkú bá ti dúró, ẹ wá kọ lẹ́tà kejì tó dá ọjọ́ ìrìn àjò, ọjọ́ ìsìnkú àti ọjọ́ ìpadàbọ̀ sọ́tọ̀, ẹ sì sọ èyí tó jẹ́ ìsinmi ọdọọdún nínú wọn. Ẹ ní kí àwọn ará ilé má tún ọjọ́ mú láìsọ fún yín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bí ẹ ṣe máa sọ ọ́

Ní pàjáwìrì, ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀mí. Bó bá jẹ́ ẹ̀mí ló wà nínú ewu, 999 ni kí ẹ pè ṣáájú mánéjà.

Bí ẹ bá wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ìpè wọlé, ẹ má gbé báàgì kí ẹ jáde. Nọ́ọ̀sì tàbí olùtọ́jú tó bá fi aláìsàn sílẹ̀ láìfi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lè pàdánù ju iṣẹ́ lọ. Ẹ pe ẹni tó ń darí shift, ẹ sọ ibi tí ẹ bá oògùn dé, ẹni tó nílò kí wọ́n yí i padà, ẹni tó ń fẹ́ ìṣọ́ lójú méjèèjì. Ẹ kọ aago tí ẹ fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Ó gba ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì ń dáàbò bo aláìsàn àti ẹ̀yin.

Ohun tí ẹ máa sọ lórí fóònù kò gùn. "Ilé ìwé pè pé ọmọ mi ṣubú, ọwọ́ rẹ̀ wú. Mo ní láti lọ mú un lọ sọ́sibítù. Time off for dependants ni mo ń gbà. Mo rò pé ó máa gba òní àti àárọ̀ ọ̀la. Màá pè yín ní aago mẹ́rin láti sọ ibi tó dé." Ìdí wà nínú rẹ̀, orúkọ àyè wà nínú rẹ̀, iye ọjọ́ wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí text tàbí email kí ọjọ́ náà tó ṣú. Bí ẹ bá ṣèlérí aago mẹ́rin, ẹ pè ní aago mẹ́rin, kódà bí kò bá sí ìròyìn tuntun.

Fún àyè olùtọ́jú, ẹ ka ọjọ́ sẹ́yìn. Ààbọ̀ ọjọ́ tàbí ọjọ́ kan: ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Bó bá ju ọjọ́ kan lọ: ìlọ́po méjì ọjọ́ tí ẹ fẹ́, tí ìlọ́po náà kò bá sì tó mẹ́ta, mẹ́ta náà ni. Ọjọ́ méjì gba ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ márùn-ún gba ọjọ́ mẹ́wàá. Òfin kò ní dandan ni kí ẹ kọ ọ́, èmi ló ní kí ẹ kọ ọ́. Báyìí ni kó rí, ní Gẹ̀ẹ́sì tiyín:

"Mo fẹ́ lo àyè olùtọ́jú tó wà nínú Carer's Leave Regulations 2024. Ọjọ́ tí mo fẹ́ ni Tuesday, ọjọ́ báyìí, oṣù báyìí, odindi ọjọ́ kan. Mo fẹ́ tọ́jú ẹni tó gbára lé mi, tó ní àìsàn tó gba ìtọ́jú ju oṣù mẹ́ta lọ. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi email dá mi lóhùn."

Ó tán. Ẹ má ròyìn àìsàn ìyá yín fún gbogbo ọ́fíìsì. Ọ̀gá kò lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ẹ̀rí kó tó fún yín ní àyè olùtọ́jú, nítorí náà lẹ́tà ọsibítù dúró sínú fáìlì yín. Ẹ fi ẹ̀dà email ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tiyín, nítorí ọjọ́ tí ìjà bá dé, wọ́n lè ti ilẹ̀kùn email iṣẹ́ mọ́ yín. Kìkì email tó kan ẹ̀tọ́ yín ni kí ẹ fi ránṣẹ́ o. Ẹ má fi ìwé tó ní orúkọ aláìsàn tàbí oníbàárà sí i.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ gba èsì, ẹ wò ó dáadáa

Ọ̀gá kò lè sọ pé rárá sí àyè olùtọ́jú. Ohun tó lè ṣe ni kó sún un síwájú, bí ìsinmi yín lọ́jọ́ náà bá máa da iṣẹ́ rú gan-an. Kó tó sún un, ó gbọ́dọ̀ bá yín sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ míì, kí ọjọ́ tuntun náà má kọjá oṣù kan sí èyí tí ẹ mú, kó sì kọ ìdí rẹ̀ àti ọjọ́ tuntun ránṣẹ́ sí yín láàárín ọjọ́ méje tí ẹ béèrè, kí ọjọ́ tí ẹ mú sì tó dé. "Èèyàn ò tó lọ́jọ́ yẹn" tí wọ́n sọ ní kọ́rídọ̀ kò tó. Ẹ dá a padà pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́: "Mo gbọ́ yín. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ ìdí rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ fẹ́ fún mi." Ọ̀pọ̀ mánéjà kò mọ òfin yìí rárá. Kò sí ìkà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ẹ̀yin náà bínú. Ẹ fi ojú ìwé GOV.UK tó ṣàlàyé rẹ̀ ránṣẹ́ sí i.

Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ dókítà kò ṣeé sún, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nínú lẹ́tà yín.

Nígbà tí owó oṣù bá wọlé, ẹ wo iye tí wọ́n yọ. Ọjọ́ kan ni ẹ gbà, owó ọjọ́ kan ni wọ́n lè yọ. Ọjọ́ ìsinmi ọdọọdún yín kò gbọ́dọ̀ dín nítorí rẹ̀.

Ìkìlọ̀ fún ẹni tó wà lórí físà iṣẹ́

Ẹ ka ọjọ́ tí ẹ kò gbowó. Lábẹ́ ìlànà Skilled Worker, bí ọjọ́ tí èèyàn kò fi ṣiṣẹ́, tí kò sì gbowó, bá ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ láàárín oṣù kìíní sí oṣù kejìlá, ilé iṣẹ́ lè ní láti fòpin sí sponsorship. Àwọn àyè kan wà tí kò sí nínú kíkà yẹn, bí ìsinmi ìbímọ, àyè òbí àti àìsàn ara ẹni. Kí ẹ tó gba ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ láìsanwó, ẹ ní kí HR kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín bí wọ́n ṣe máa kà á, kí ẹ sì bi agbẹjọ́rò tó ní ìwé àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ físà.

Ẹ̀rù kan tún wà tí kò yẹ kó bà yín. Àyè lẹ́nu iṣẹ́ kì í ṣe public funds. Ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ ni, físà kò gbà á lọ́wọ́ yín. Carer's Allowance ló jẹ́ public funds. Ẹni tí físà rẹ̀ bá kọ ọ́ pé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan public funds, kó má béèrè rẹ̀ láìgba ìmọ̀ràn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Fífi ọmọ sílẹ̀ nílé kí iṣẹ́ má baà bọ́. Èyí ni mo fi ṣáájú nítorí ẹ̀mí ni. Òfin kò dárúkọ ọjọ́ orí tí ọmọ lè dá wà, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ni láti fi í sílẹ̀ níbi tí ewu lè bá a. NSPCC, àjọ tó ń dáàbò bo ọmọdé, sì ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìlá kì í sábà gbọ́n tó láti dá wà fún ìgbà pípẹ́. Bí kò bá sí ẹni tó máa dúró tì í, ìdí nìyẹn fún àyè pàjáwìrì. Ẹ pe iṣẹ́.

Títi iṣẹ́ alẹ́ bọ́ sínú ọkọ̀ láti wa ọ̀nà jíjìn lọ bá aláìsàn. Oorun ò mọ̀ pé ìyá ẹni ń dúró. Ẹ sùn díẹ̀, tàbí kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin.

Pípè pé ara yín ò yá dípò ti ọmọ. Mo ti sọ ọ́, mo tún ń sọ ọ́. Wọ́n lè rí yín nílé ìwé, wọ́n lè béèrè ìwé dókítà, àyè tó jẹ́ ẹ̀tọ́ yín á wá di ẹ̀sùn.

Lílo àyè olùtọ́jú fún òde. Bí ọ̀rẹ́ bá gbé fọ́tò yín jáde lórí Facebook pẹ̀lú aṣọ ẹbí lọ́jọ́ tí ẹ ní ẹ ń tọ́jú bàbá, ẹnikẹ́ni kò ní gbà yín gbọ́ mọ́.

Dídákẹ́ títí wàhálà fi pọ̀. Ẹni tó ń tọ́jú èèyàn ní England lè ní kí council wá ṣe carer's assessment fún òun lábẹ́ Care Act 2014. Wọ́n lè rí ìrànwọ́ tó máa jẹ́ kí ọjọ́ tí ẹ ń gbà lẹ́nu iṣẹ́ dín kù.

Bí wọ́n bá kọ̀, tàbí tí wọ́n fìyà jẹ yín

Òfin kò gbà kí wọ́n lé yín, kí wọ́n gé shift yín, tàbí kí wọ́n fún yín ní ìkìlọ̀ nítorí pé ẹ lo àyè wọ̀nyí. Kò dìgbà tí ẹ bá ṣiṣẹ́ ọdún méjì kí ẹ tó lè pe ẹjọ́ lórí ìlénilọ tó ti ibẹ̀ wá. Bó bá sì jẹ́ nítorí pé ẹni tí ẹ ń tọ́jú jẹ́ abirùn ni wọ́n fi ń ni yín lára, Equality Act wà fún ìyẹn náà. Ẹjọ́ Sharon Coleman, ìyá ọmọ abirùn kan, ló la ọ̀nà rẹ̀ ní ilé ẹjọ́ Yúróòpù lọ́dún 2008.

Ẹ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà ìráhùn sí ilé iṣẹ́, kí ẹ sì sọ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín bí ẹ bá wà nínú ọ̀kan, UNISON tàbí RCN. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìpàdé lórí ìpàdé jẹ ọjọ́ yín. Ẹ ka oṣù mẹ́ta ó dín ọjọ́ kan láti ọjọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì ti bẹ̀rẹ̀ early conciliation lọ́dọ̀ Acas kí ó tó pé. Láìṣe ìyẹn, ilé ẹjọ́ kò ní gba ìwé yín. Òfin ọdún 2025 fẹ́ sọ oṣù mẹ́ta yẹn di mẹ́fà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi mẹ́ta sọ́kàn kò lè pẹ́ jù. Ọ̀fẹ́ ni Acas. Kò sí owó ìpẹ̀jọ́ ní Employment Tribunal láti ọdún 2017, nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fagi lé e nínú ẹjọ́ tí UNISON pè. Nígbà tí ẹ bá ń pe Acas, ẹ fi ìwé àkọsílẹ̀ yẹn, ẹ̀dà email àti ìwé owó oṣù sí iwájú yín, nítorí ọjọ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín.